Ibi Tí Iṣẹ́ Ti Ń Dúró

Fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ẹ́díìtì jẹun ní Èkó. Mo tún máa ń fi Blender ṣe àwòrán oníhà mẹ́ta fún ìpolówó ọjà, géèmù sì ni mo fi ń sinmi lálẹ́. Nítorí náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kò ní bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, pírósẹ́sọ̀ wo ni kí n rà? Ṣé i7 ni àbí i9? Ṣé Intel ni àbí Ryzen?" N kì í dáhùn kíá mọ́. Èmi náà á kọ́kọ́ bi onítọ̀hún léèrè: níbo ni iṣẹ́ rẹ ti ń dúró? Nígbà tí o bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, tí o fọwọ́ lẹ́rán, tí ò ń retí rẹ̀, kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe lọ́wọ́ ní àkókò yẹn gan-an? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ra pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá rí i, iye owó yòówù kó gbé lọ sí ọjà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, orúkọ ni yóò rà bọ̀ wálé.

Ilé iṣẹ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ojú mi ti kọ́kọ́ là sí ọ̀rọ̀ yìí. Láptọ́ọ̀pù méjì la ní nígbà náà, tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Sítíkà i7 wà lára ọ̀kan, i5 wà lára èkejì. Ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ kan i7, i5 sì ni tàwa ọmọṣẹ́. Bí iṣẹ́ ńlá bá dé, irú òwàḿbẹ̀ tí wọ́n yà láti àárọ̀ di alẹ́, orí i7 ni wọ́n máa gbé e sí, nítorí gbogbo wa la gbà pé méje ju márùn-ún lọ. Síbẹ̀, i5 tiwa ló máa ń kọ́kọ́ parí. Ọ̀gá ní fídíò tiwa ló kéré. Lọ́jọ́ kan tí iná dúró dáadáa, a gbé fídíò kan náà sórí méjèèjì, a tẹ bọ́tìnì pọ̀, i5 sì parí nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn fún i7. Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n yí láptọ́ọ̀pù méjèèjì dé, kí n ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí wọn fún òun.

i7-7500U ni ti ọ̀gá, ọdún 2016 ló jáde, kọ́ọ̀ méjì péré (kọ́ọ̀ ni apá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ṣíípù) ló sì wà nínú rẹ̀. i5-8250U ni tiwa, ti ọdún 2017, oníkọ́ọ̀ mẹ́rin. Wáàtì 15 ni wọ́n ṣe méjèèjì fún. Lára àwọn méjì yìí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé i7 tàbí i5 ló ń sọ ìran tí ṣíípù jẹ́, ìran keje àti ìran kẹjọ, àárín ìran méjì yìí sì ni Intel ti sọ kọ́ọ̀ inú láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ di ìlọ́po méjì. Lẹ́tà U tó kẹ́yìn ń sọ pé ṣíípù náà kì í jẹ iná púpọ̀. H tàbí HQ ni wọ́n ń kọ sí èyí tó lágbára, bí i7-7700HQ tó ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, tí wọ́n sì ṣe fún wáàtì 45. Sítíkà kò sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, i7 nìkan ló kọ. Mo ṣì ń rí àwọn i7 oníkọ́ọ̀ méjì yẹn lórí àtẹ, tí wọ́n ń ta wọ́n ju i5 ìran kẹjọ lọ, ó sì ń dùn mí fún ọmọ tó fi owó àjọ rà á. Bẹ́ẹ̀, ìran kẹjọ yẹn náà ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ṣíípù Intel, Windows 10 sì ti jáde lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft láti oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Kí ẹnikẹ́ni má wá ti ibẹ̀ gbà pé kíka kọ́ọ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Gene Amdahl, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ olórí àwọn tó ya àwòrán kọ̀ǹpútà IBM System/360, ti là á yé ayé láti ọdún 1967 pé apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ló ń pinnu bí gbogbo rẹ̀ yóò ṣe yá tó. Ká ní iṣẹ́ kan gba kọ́ọ̀ kan ní ìṣẹ́jú 100. Ìṣẹ́jú 90 nínú rẹ̀ ṣeé pín, ìṣẹ́jú 10 tó kù kò ṣeé pín rárá. Ẹ fún un ní kọ́ọ̀ 9, á di ìṣẹ́jú 20. Ẹ fún un ní 90, á di 11. Ẹ kó gbogbo kọ́ọ̀ tó wà láyé fún un, kò ní dín sí ìṣẹ́jú 10 láéláé. Ìṣirò yìí ni mo máa ń ṣe lọ́kàn nígbàkúùgbà tí olùtajà bá ń ka iye kọ́ọ̀ sí mi létí.

Nínú iṣẹ́ tèmi, réńdà Blender, ìyẹn kí ẹ̀rọ sọ ohun tí mo mọ di àwòrán tó parí, ló ṣeé pín jù. Wọ́n á gé àwòrán kan sí wẹ́wẹ́, kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀. Lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Ryzen 9 5950X oníkọ́ọ̀ 16 máa ju Ryzen 5 5600X oníkọ́ọ̀ 6 sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Àmọ́ Blender kan náà gbà kí káàdì gíráfíìsì ṣe réńdà Cycles dípò pírósẹ́sọ̀, káàdì tó dára sì máa ń yára ju pírósẹ́sọ̀ lọ fíìfíì. Bí mo bá sì wà lórí mímọ àwòrán fúnra rẹ̀, tí mò ń fa ibí, tí mò ń tẹ ọ̀hún, kọ́ọ̀ kan tàbí méjì ló ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù jókòó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́ọ̀ 16 torí Blender nìkan, mo máa ń rọ̀ ọ́ pé kó ra 6 tàbí 8, kó sì kó owó tó ṣẹ́ kù lé káàdì gíráfíìsì lórí.

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n jù lọ ni fídíò. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ owó ló ń ṣòfò níbẹ̀.

Fídíò kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pa pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú wa ń rí dáadáa, nítorí náà àwọn tó ṣe kámẹ́rà máa ń dín àwọ̀ kù kí fáìlì lè kéré. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní 4:2:0, ẹ̀kán mẹ́rin lára àwòrán (píksẹ̀lì) ló ń pín àwọ̀ kan lò. Nínú 4:2:2, méjì péré ló ń pín in. Fídíò 8-bit sì ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí 10-bit ní 1,024. Tẹ́lẹ̀, 8-bit 4:2:0 ni kámẹ́rà tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa ń yà. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí, 10-bit 4:2:2 ti wọ inú kámẹ́rà tí ayàwòrán ìgbéyàwó lè rà.

Ọlọ́run ló mọ bí inú mi ti dùn tó. Ẹ wo gbọ̀ngàn àríyá wa: iná LED aláwọ̀ àlùkò lókè, iná aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn àga ìyàwó, gèlè tó ń kọ mànà, léèsì olókùúta, sányán lọ́rùn ọkọ, àti ojú ìyàwó tó dúdú mìnìjọ̀ láàárín gbogbo wọn. Bí mo bá fẹ́ mú àwọ̀ ara ìyàwó kúrò nínú àlùkò padà sí bí Elédùmarè ṣe dá a, 8-bit á fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìlà-ìlà á yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ àti lára ògiri. 10-bit 4:2:2 á gbà fún mi. Kò sí ohun tí mo lè gbà kí n fi padà sí ti àtijọ́, nítorí ojú ẹni ni ẹni ń wá nínú fídíò ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí máa wò ó.

Ìgbà tí àwọn fáìlì yìí dé tán ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Mo gbé wọn sórí táìmláìnì, mo fa ìlà síwájú díẹ̀, àwòrán dì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ háyà ọ́fíìsì ní Ryzen oníkọ́ọ̀ 16 tí gbogbo wa ń fi yangàn. Mo gbé fáìlì náà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dì níbẹ̀ náà, gbogbo kọ́ọ̀ 16 sì ń pariwo bí fáànù ṣe ń yí. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà ní igun tí akọ̀wé fi ń kọ rìsíìtì, i5-12400 ló wà nínú rẹ̀, oníkọ́ọ̀ 6. Ọ̀rẹ́ mi ní ká kàn fi dán an wò. Fídíò náà ń ṣàn lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, a fà á síwájú, a fà á sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ wa. Akọ̀wé pàápàá dìde wá wò ó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rè é. Fídíò H.265 tí kámẹ́rà ti dì mọ́ra gan-an kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí kọ́ọ̀ máa tú. Apá kékeré kan wà nínú ṣíípù gíráfíìsì tí wọ́n dìídì ṣe fún títú fídíò, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n kọ́ ọ nìkan ló lè tú. Quick Sync ni Intel ń pe tirẹ̀, ó wà nínú gíráfíìsì tó bá pírósẹ́sọ̀ wá, láti ìran kọkànlá sì ni ó ti mọ bí a ṣe ń tú H.265 10-bit 4:2:2. Ryzen tí a ní nígbà yẹn kò mọ̀ ọ́n. Káàdì NVIDIA náà kò mọ̀ ọ́n títí RTX 50 fi dé ní ọdún 2025. Nítorí náà, kọ́ọ̀ 16 ọ̀rẹ́ mi ń fi agbára tú ohun tí igun kékeré kan nínú i5 akọ̀wé ń tú láìlàágùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù lẹ́tà F. i5-12400 ní gíráfíìsì nínú, i5-12400F kò ní. F máa ń dínwó díẹ̀, olùtajà á sì ní, "Ọ̀gá mi, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ṣebí ẹ ti ní káàdì gíráfíìsì." Fún ẹni tí géèmù nìkan ló ń ṣe, òótọ́ ló sọ. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fídíò kámẹ́rà òde òní, Quick Sync ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ yẹn, kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà.

Ó ku ohun kan tí àwọn ayàwòrán kì í sábà mọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lè ya 10-bit 4:2:2 yìí ní H.264 tàbí ní H.265. H.265 ni Quick Sync àwọn ìran tí mo dárúkọ ń tú. Bí wọ́n bá yà á ní H.264, kọ́ọ̀ ló tún máa padà ru ú. Kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń pe àwọn tó ń di kámẹ́rà mú, tí mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wo ètò inú rẹ̀. Ìpè kan yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó tó pọ̀ ju ìpè lọ.

Ẹni tí kò sì lówó ẹ̀rọ tuntun kò gbọdọ̀ rò pé òun ti kú. Premiere Pro àti DaVinci Resolve lè ṣe ẹ̀dà fúyẹ́ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní pírọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é lóru nígbà tí ẹ bá ń sùn. Orí ẹ̀dà fúyẹ́ yẹn ni ẹ máa ti gé, tí ẹ máa ti tò, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ gbé fídíò jáde, fáìlì gidi ni yóò lò. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó pààrọ̀ ohunkóhun, àwọn oníbàárà kò sì mọ ìyàtọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Nígbà tí oníbàárà bá ń pè léraléra, tí ẹ̀rọ sì ń wọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance nínú Task Manager. Bí gbogbo kọ́ọ̀ bá wà ní 100%, pírósẹ́sọ̀ ló ń dá iṣẹ́ dúró. Bí kọ́ọ̀ bá wà ní 30%, tí RAM ti kún bámúbámú, ẹ lọ ra RAM. Bí dísíìkì ló wà ní 100%, SSD ni ẹ nílò. Mo ti dá ẹnì kan padà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí owó i9 ti wà nínú báàgì rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé háàdì dísíìkì àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri ló ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìdá díẹ̀ nínú owó yẹn ló ná.

Ibi tí géèmù ti ń dúró yàtọ̀. Kí àwòrán 60 tó lè hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbà ju mìlísẹ́kọ́ǹdì 16.7 lọ. Fún ẹni tó ní sùkíríìnì 144 hertz, 6.9 péré ni. Láàárín ìgbà kúkúrú yẹn, pírósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí gbogbo ẹni tó wà nínú géèmù dé, ẹni tó ń sáré, ọta tó ń fò, ilé tó ń wó, kó tó sọ ohun tí káàdì gíráfíìsì máa yà. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tò tẹ̀ léra, ọ̀rọ̀ Amdahl tún nìyẹn, ìdí sì nìyí tí kọ́ọ̀ 16 kì í fi í ran géèmù lọ́wọ́ púpọ̀ ju 8 lọ.

Káàṣì ló ń ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ibi ìrántí kékeré tó wà nínú ṣíípù gan-an. Alásè tó to iyọ̀, ata, epo àti irú sí ìtòsí ọwọ́ rẹ̀ yóò tètè bù fún àlejò. Èyí tó ní láti dìde lọ sínú ilé nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ bu iyọ̀, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, ebi á ti pa àlejò. RAM ni inú ilé yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, AMD gbé Ryzen 7 5800X3D jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 5800X, lè sáré dé 4.7 GHz, káàṣì L3 rẹ̀ sì jẹ́ 32 MB. X3D kò sáré ju 4.5 lọ, àmọ́ 96 MB ni káàṣì tirẹ̀, wọ́n tò ó lé ṣíípù lórí. Ẹni tó bá ń ka GHz nìkan á ní 5800X ló yá jù. Nínú géèmù, X3D ló ṣíwájú, pàápàá níbi tí ayé inú géèmù bá ti gbòòrò bíi Microsoft Flight Simulator. Nínú réńdà àti gbígbé fídíò jáde, níbi tí káàṣì kò ti jámọ́ nǹkan púpọ̀, 5800X tún yá jù ú lọ díẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà, ìran kan náà, kọ́ọ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ, síbẹ̀ ọ̀kan ń ṣe dáadáa níbi tí èkejì ti ń wọ́lẹ̀. N kò mọ ẹ̀rí mìíràn tó fi hàn kedere tó báyìí pé géèmù àti iṣẹ́ ọnà kì í béèrè ohun kan náà.

Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá pírósẹ́sọ̀ ló ń dá géèmù yín dúró kò gba owó. Ẹ ṣí géèmù náà, kí ẹ wo iye àwòrán tó ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ wá dín ìtóbi àwòrán kù, láti 1440p sí 720p. Bí iye náà bá fò sókè, káàdì gíráfíìsì ni ìdíwọ́ yín. Bí kò bá kúrò lójú kan, pírósẹ́sọ̀ ni. Àbúrò kan ládùúgbò wa ti ń tọ́jú owó Ryzen 7 7800X3D nítorí pé Cyberpunk 2077 ń já gẹ́gẹ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ní kó dín àwòrán kù lójú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì!" Káàdì gíráfíìsì ló rà, pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ara rẹ̀ sì le.

Mo wá dé orí nọ́ńbà tí mo ń kọ́kọ́ kà báyìí, kí n tó ka kọ́ọ̀, kí n tó ka GHz. Wáàtì ni. Ìwé tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kọ lórí pírósẹ́sọ̀ máa ń fi í sí ìparí, ó sì yé mi, nítorí iná wọn kì í lọ. Core i9-13900K lè jẹ wáàtì 253 nígbà tó bá ń sá eré àsápajúdé. i5-12400 kì í ju 117 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi bátìrì ṣírò rẹ̀. Bátìrì ínfátà 12 volt, 200 Ah, ní wáàtì-wákàtí 2,400 nínú. Bátìrì oníkẹ́míkà àtijọ́ kò fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 1,200. Bí kọ̀ǹpútà àti sùkíríìnì bá ń jẹ 400 wáàtì, wákàtí mẹ́ta ni, kí a tó yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí wọ́n bá ń jẹ 200, wákàtí mẹ́fà ni. Wákàtí mẹ́ta tó wà láàárín yẹn ló máa ń pinnu bóyá fídíò oníbàárà máa jáde lọ́jọ́ tí mo dá fún un, tàbí kí n tún gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo.

Ẹnì kan lè ní ṣebí èyí tó ń jẹ iná púpọ̀ ló ń tètè parí. Òótọ́ ni, lórí réńdà. Ṣùgbọ́n ìdá díẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú eré ṣíípù ló ń jẹ iná jù: kó tó lè fi díẹ̀ kún GHz, fọ́tééjì gbọ́dọ̀ ga, bí fọ́tééjì bá sì ga díẹ̀, iná tó ń jẹ á ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọ inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, tó yan Eco Mode fún Ryzen tàbí tó dín òdiwọ̀n agbára Intel kù, á rí i pé iná tó dín kù pọ̀ gan-an ju eré tó dín kù lọ. Mo ti ń ṣe é fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá kọjá lọ́wọ́ mi. Ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ amúlétutù kò lè ṣiṣẹ́ lórí ínfátà, yàrá mi máa ń gbóná kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. 7800X3D máa ń dín eré ara rẹ̀ kù bó bá kan 89 lórí òṣùwọ̀n Celsius, Ryzen 7 7700X ń ṣe é ní 95, ọ̀pọ̀ Intel ní 100. Ṣíípù olówó ńlá tó ń fi ìdajì agbára ṣiṣẹ́ nítorí ooru, kí ni èrè rẹ̀? Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń ṣí ẹ̀rọ kí n fẹ́ eruku kúrò lára fáànù, n kì í fi dọ́la.

Ọ̀rọ̀ fọ́tééjì yìí náà ló mú kí n máa ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ i7 àti i9 orí tábìlì ti ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá. Ní ọdún 2024, Intel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé fọ́tééjì tó ga jù ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́. Wọ́n ṣe àtúnṣe tó ń gba inú BIOS wọlé, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú wọn. Àmọ́ àtúnṣe náà kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn, ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò sì mọ ohun tí ṣíípù náà ti là kọjá lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Èyí tí mo ń lò ni Core i7-12700, ìran kejìlá, tí kò ní F. Kọ́ọ̀ 12 ló ní, 8 alágbára àti 4 kékeré tí kì í jẹ iná. Ó ń tú 4:2:2 mi. Wáàtì 65 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó lè gùn dé 180, mi ò sì jẹ́ kó gùn débẹ̀. Kò sí géèmù tó jẹ́ pé òun ló ṣe é dáadáa jù láyé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo fẹ́ ta tí kò gbé. Ẹni tí géèmù ṣáájú lọ́kàn rẹ̀, tó sì ti ní mọ́dábọ́ọ̀dù AM4, Ryzen 7 5700X3D tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni mo máa ń tọ́ka sí, nítorí yóò bá ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AM4 lọ bí a bá ti sọ BIOS wọn di tuntun. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tówó rẹ̀ tó, kó wo 7800X3D. Ẹni tó bá ti ní RTX 50, ọ̀rọ̀ 4:2:2 kò dí i lọ́wọ́ mọ́, ó lè mú Ryzen tó wù ú. Àwọn oníkọ́ọ̀ 16 tó tún ní káàṣì ńlá, irú 7950X3D, wà fún ẹni tó ń fi réńdà àti géèmù jẹun lọ́jọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì kọ́ọ̀ rẹ̀ nìkan ni káàṣì ńlá náà wà fún. Mo mọ ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́.

Bí ẹ bá ti wá délé ọjà, ẹ má ṣe fi owó sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe nǹkan wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ ṣíípù lásán ni ẹ ń rà, ẹ ka orúkọ tí wọ́n fín sára irin rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti páálí, kí ẹ sì ka lẹ́tà tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo iye tó kọ síwájú Cores. Ẹ gbé fáìlì kámẹ́rà tiyín dání nínú fíláàṣì, ẹ ṣí i níbẹ̀, ẹ fà á síwá-sẹ́yìn. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù ló máa ń rọ̀ bí wọ́n bá ti bọ́ sórí bátìrì. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kí ẹ wo bóyá GHz rẹ̀ ń já wálẹ̀. Olùtajà tó mọ ọjà rẹ̀ máa fún yín ní àga. Èyí tó bá ní òun kò lè jẹ́ kí ẹ ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọ ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.